Bí Mo Ṣe Pe Mildred Nínú Ìdán Vincent

Ilé Akínrẹ̀mí,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Àyèká, nítòsí Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
12 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Adépéjú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara ń le? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o dé oko? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Tiwa dúpẹ́. Àmọ́ orí mi dàrú, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa yangàn ni àbí kí n máa bínú.

O mọ Vincent ọmọ mi, apidán. Kì í ṣe apidán ẹ̀bá títì o. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó ẹrù wọn láti ìlú dé ìlú, èèyàn rẹpẹtẹ ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n dé Òkìtìpupa, ó fi mí jókòó níwájú pátápátá. Àwọn ọ̀gá kan wá wò ó láti Bìní, bóyá wọ́n á gbé eré rẹ̀ títí dé Gánà.

Ló bá ti Mildred ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú àpótí. Nígbà tó ṣí i, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa ìkankan. Àyà mi já. Mo dìde, mo pè é bí a ti ń pe ẹni tó dákú kó má baà lọ: “Mildred o, Mildred, padà wá.”

Ohùn jáde lábẹ́ ìtàgé: “Mà! Mò ń bọ̀, Màmá.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, Vincent ní mo ti ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló ń dáhùn fún. Mildred ní, “Màmá ló pè mí. Ṣé kí n gbọ́ kí n dákẹ́ ni?” Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Mi ò bẹ Vincent, mi ò sì ní í bẹ̀ ẹ́.

Níjẹta ló wá dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará Bìní ní àwọn gba eré náà, bí ìyá bá máa tẹ̀ lé wọn láti máa pe Mildred ní ìlú gbogbo. Bí mo bá kọ̀, kò sí Gánà. Ṣé ọlá nìyẹn, àbí yẹ̀yẹ́? Vincent fẹ́ fi ibi tí Mildred ń sá pamọ́ sí hàn mí. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Bí mo bá mọ ibi tó wà, irọ́ ni màá máa pa. Bí mi ò bá sì mọ̀ ọ́n, àyà mi á máa já káàkiri ayé.

Mildred tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. Ó ní, “Màmá, ibi yòówù kí wọ́n fi mí sí, bí ẹ bá pè mí, màá dáhùn.”

Ìyẹn nìkan ló yé mi nínú gbogbo rẹ̀. A ó gbéra lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Bá mi kí àwọn ọmọ rẹ, Joel àti Tiwalọlá.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yí padà,
Aníwúrà, ìyá Vincent.