Abọ́ Tí Wọ́n Bù Sọ́tọ̀ fún Mi

Ọjọ́ Ajé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé.

Wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn tí yóò máa lo ẹ̀rọ tuntun. Sìdí àti Ìyá Kúdí wà lábẹ́ mi báyìí. Inú mi dùn láàárọ̀, mi ò ní purọ́.

Láti ìgbà tí mo ti dé Ọ̀tà, abọ́ kan náà ni àwa mẹ́ta ti jọ ń mu gàrí lọ́sàn-án. Ẹja díndín kan ṣoṣo la máa ń já jẹ, a ó sì máa jà sí orí rẹ̀.

Lónìí, mo mú ṣíbí mi lọ bá wọn lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Wọ́n ti bu tèmi sọ́tọ̀, wọ́n fi àwo dé e, wọ́n gbé e sórí àga. Ilẹ̀ ni àwọn jókòó sí.

"Sìdí, kí lèyí?"

"Ọ̀gá, tiyín nìyẹn." Kò wojú mi.

Ìyá Kúdí, tó tó bí mi lọ́mọ, tún dìde dúró fún mi. Kí ni mo ṣe fún wọn? Ṣé mo ti lé ẹnikẹ́ni ni?

Inú bí mi, mo gbé abọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí mo ṣí i, odidi ẹja náà ló wà níbẹ̀.

Gàrí lásán ni àwọn mu.