Àwọn Tó Ń Pọnmi fún Òdòdó

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kọkànlá, 1937
Bàbá Òdòdó dé láti Faransé pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. Dìrẹ́kítọ̀ iléèwé wa ni, òyìnbó — òdòdó ẹ̀yìnkùnlé rẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní kí àwa olùkọ́ máa bá òbí ṣọ̀rẹ́, ká máa kí wọn nílé. Òun tí kì í dá ìyá ẹlẹ́kọ ẹnu géètì lóhùn! Àdúgbò Akpakpa ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Orí mi kúkú ṣeun.

Ọjọ́bọ̀, 11
Kóòtù funfun, akoto, bàtà dídán — ọ̀rẹ́ òbí dé! Ilé Múrítàlá aránṣọ ni mo lọ. Ọmọ rẹ̀, Sìdíkàt, ló mọ̀wé jù ní kíláàsì mi, a ò sì rí i mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò tíì kágò tán tí ọkùnrin méjì ti fo ọgbà. Wọ́n rò pé agbowó-orí ni mí. Nimotallahi, ìyá ọmọ, fi Àlùkùránì búra pé ọkọ òun ti kú. Òkú sín nínú yàrá. Mo bá wọn kẹ́dùn, mo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Mo jábọ̀: ìbẹ̀wò dára púpọ̀. Inú Bàbá Òdòdó dùn.

Àbámẹ́ta, 13
Mo padà lọ — bùbá àti ṣòkòtò, èdè Nàgó ìyá mi lẹ́nu. Òkú fúnra rẹ̀ ló gbé omi fún mi.
"Ẹ má bínú, ọ̀gá olùkọ́. Owó-orí ló pa mí."
A rẹ́rìn-ín. Mo béèrè Sìdíkàt. Ẹ̀rín dá. Nimotallahi ní ìwé lòun rán ọmọ lọ kà, omi ló ń pọn sí òdòdó òyìnbó láràárọ̀ títí kíláàsì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. "Bó bá ṣe omi pípọn ni, kànga wà nílé wa."
Mo ní kó wá sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí. Akọni ni mí — ẹnu ẹlòmíràn ni mo fẹ́ fi jà.

Ọjọ́bọ̀, 18
Òbí kún kíláàsì. Bàbá Òdòdó fi Faransé sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó gùn bí ọ̀nà Pọ́tónófò. Èmi ni ògbufọ̀. Nimotallahi dìde.
"Ẹ bi í fún mi: ta ni yóò máa pọnmi sí òdòdó rẹ̀ bí àwọn ọmọ wa bá ń kàwé?"
Gbogbo ojú yí sí mi. Mo lè sọ fún Bàbá Òdòdó pé ó kàn ń kí i kú iṣẹ́ ni. Mo tú u bó ṣe wà. Ojú Bàbá Òdòdó pọ́n bí ata. Ó ní ìpàdé parí — ó wúlò púpọ̀, ó ní.

Ọjọ́ Ajé, 22
Sìdíkàt padà sí kíláàsì. Kò sí ọmọ tó gbé korobá. Lọ́sàn-án, ìròyìn ayọ̀: wọ́n gbé mi lọ sí Nàtìtíngú, lápá òkè lọ́hùn-ún. Bàbá Òdòdó ní afẹ́fẹ́ òkè yóò bá mi lára mu. Ó mà kú ìtọ́jú mi o.

Ọjọ́bọ̀, 25
Ibùdókọ̀ ojú irin. Múrítàlá àti ìyàwó rẹ̀ gbé àkàrà wá. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu mi. Mo ní mi ò mọ ẹni tí yóò gba ipò mi, pé bóyá kò tilẹ̀ ní gbọ́ Nàgó.
Nimotallahi di àkàrà náà fún mi dáadáa.
"Ẹ máa lọ, ọ̀gá olùkọ́. Àwa ti mọ ọ̀nà iléèwé báyìí."