Ìyá Ọlọ́gbà, Tó Tẹ́ Ewéko Sórí Òkúta

Ọdún 1948 ni a bí olóògbé, Ìyá Ọlọ́gbà, sẹ́yìn ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń fọ́ òkúta. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, òun sì ni àbúrò. Ó ka ìwé mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka méjì, ó fi orin rọ́pò ìyókù.

Ní 1970, ó fẹ́ bíríkìlà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní 1974, ilé ìwòsàn gbà á síṣẹ́ ọgbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀. Akọrin ìjọ ni. Òun náà ló kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò bí a ti ń gbin òdòdó sínú agolo.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2005, ó mú ẹ̀ka ewéko kan wálé, èyí tí kì í ga, tó ń tẹ́ bí ẹní, tó ń tutù yọ̀yọ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Ó gbìn ín sáàárín òkúta iwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń ta ganrín-ganrín. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà rẹ̀ á já: "Omi ò gbọdọ̀ dúró nídìí ẹ̀ o!"

Níparí ọdún tó kọjá, àìsàn gbé e dè sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n bá gba ìtọ́jú ewéko: omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ nídìí ẹ̀, orin lórí gbogbo ẹ̀. Ni àárín ewéko bá dúdú, ló bá ń jẹrà. Ẹ̀gbọ́n ò lè jẹun mọ́. Kí ni yóò sọ?

Àbúrò délé, ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìkẹ́ pa á!"

"Oòrùn yẹn ló pọ̀ jù, àánú ẹ̀ ń ṣe mí ni."

"Oòrùn ni oúnjẹ ẹ̀, ẹ̀yin olórin yìí!"

Orí àga ló ti ń pàṣẹ: kí ẹ̀gbọ́n gé etí ewéko tó ṣì yè sọ́nà méje, kó rì wọ́n sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, kó sì jìnnà sí garawa. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan ò lọ kí àbúrò má béèrè: "Ṣé ó ti ta gbòǹgbò?" Ẹ̀gbọ́n á rọra fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á mì. Ara àbúrò ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n pé ọjọ́ ò ní tó.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ó fọwọ́ kan ìkẹta, kò mì. Ó fà á díẹ̀, kò tu. Arúgbó ọlọ́gọ́rin ọdún sáré wọlé! "Ó ti múlẹ̀ o! Ọ̀kan ti múlẹ̀!"

"Ṣé ẹ fà á dáadáa?"

"Mo fà á."

"Ẹ má fà á mọ́." Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó dijú, kò sì là á mọ́.

Ó fi ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Ewéko mẹ́fà tó kù kò tíì dá wa lójú. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò, a bẹ̀ yín, ẹ má bu omi sí wọn.

Sùn un re, àbúrò. Má ṣàníyàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀.