Wọ́n Ní Kí N Fi Ẹnu Ara Mi Sọ Pé Ara Ọmọ Mi Kò Yá

Ìyá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ọ̀run, nítorí náà bí mo ṣe máa ń kí yín náà ni màá kí yín: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ńkọ́, orúnkún yín ńkọ́? Tí orúnkún bá ṣì ń dun èèyàn níbẹ̀ yẹn, ẹ má sọ fún mi, nítorí tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi sí káńsù, ó ń bí mi sí ilé ìwòsàn, ó ń bí mi sí ọmọdébìnrin kan tó jẹ mọ́ínmọ́ín mi tán tó wá lọ kọ ìkọkúkọ nípa wa, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, màá sọ ìdí rẹ̀.

Kọ́lá ni, àkọ́bí mi. Ẹ rántí rẹ̀, ẹ pọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ wá kí wa ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín lọ, tí ẹ ń wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà lórí ìró. Ẹ̀yin ti lọ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí àìsàn ọpọlọ mú un. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì ń dá wọn lóhùn. Wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn, ó padà wá sílé lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.

Kí n má parọ́, kì í ṣe èmi nìkan ni mo mú un dúró. Nọ́ọ̀sì kan wà tí ń jẹ́ Afua, ọmọ Ghana ni. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń wá sílé wa. Á fún Kọ́lá lábẹ́rẹ́, á jókòó, àwọn méjèèjì á jọ máa jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àlejò ọ̀rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú Afua kì í sinmi. Tí Kọ́lá bá ti ń da tíì nù láì tọ́ ọ wò, Afua ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, á sì ti pe dókítà kí nǹkan ọ̀hún tó dé. Ilé kan tún wà lẹ́yìn Plumstead High Street tí àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe ti máa ń pàdé lọ́sàn-án. Wọ́n ń se oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín.

Ilé yẹn ni káńsù kọ́kọ́ tì. Wọ́n ní ìjọba ti dín owó tí wọ́n ń fún àwọn kù, àwọn náà kò sì rí ohun tí àwọn lè ṣe ju pé kí àwọn gé e. Ìyá mi, tí ọ̀bẹ bá ti bọ́ sí irú ọwọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀? Ibi tí ẹni tó ni ín kò ní lè pariwo ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì kò kárí mọ́, pé wọ́n máa lọ wo àwọn aláìsàn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti le díẹ̀, wọ́n á gba nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò.

Bí wọ́n ṣe ní àlejò ń bọ̀ nílé mi nìyẹn. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo nu ilé títí gíláàsì fèrèsé fi ń dán. Mo ní kí Kọ́lá lọ gẹrun, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Ọmọdébìnrin tí káńsù rán náà dé, ó fi káàdì rọ̀ sọ́rùn, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Báwo ni Kọ́lá ṣe ń ṣe sí? Mo ní ó wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé ó ń sùn? Ó ń sùn dáadáa. Ṣé ó ń wẹ̀ fúnra rẹ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e síta. Ọmọ tí mo bí? Mo ní ó ń wẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ní ó ń wẹ̀ ju ìwọ lọ.

Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ dá mi lóhùn. Aláàdúrà ni mí, aláàdúrà kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Bí ara bá ń gbóná bí iná, tí wọ́n bá bi ọ́, ìwọ á ní ó ti tutù, nítorí ohun tí o bá fẹnu sọ ni áńgẹ́lì ń kọ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọmọdébìnrin yẹn náà ń kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà sì ni. Kérésì tí kò sí ẹran nílé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo wa mú igi, ká lọ jókòó sí ojú ọ̀nà ká máa tayín, kí àwọn ará ilé kejì lè rò pé a jẹ màlúù tán. A tayín títí ẹ̀jẹ̀ jáde. Orí ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé ilé mi lé. Mo nulẹ̀ ọ́fíìsì ní Woolwich títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, mo tọ́ ọmọ, mi ò tọrọ gààrí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n wá jókòó níwájú ọmọ ọlọ́mọ kí n máa tú ìdí ọmọ mi síta?

Wọ́n kọ̀wé pé ara Kọ́lá ti le, pé ilé rẹ̀ tún ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gba Afua lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Afua wá dágbére, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Mummy, kí lẹ sọ fún wọn?”

Mo ní mo sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́.

Ó wo òkè, ó tún wo ilẹ̀. “Mummy, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni wọ́n wá wọ̀n.”

Kọ́lá kò lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹni tí ohùn ń sọ fún pé kó má jáde ni wọ́n ní kó máa tẹ dókítà láago láàárọ̀, kó máa dúró lórí ìlà. Èmi ń rọ̀ ọ́, ó ń kọ̀. Mo fa apá rẹ̀ títí, ṣé màá gbé e ni?

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Nathan Way, nínú ilé ìkẹ́rù kan láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra ẹja, Kọ́lá wọ sùtánà rẹ̀, kò wọ bàtà, ó jáde. Nínú òtútù o. Alàgbà ìjọ wa ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó rí i tó ń bọ̀, ó yọ̀ mọ́ ọn. “Bùrọ̀dá Kọ́lá, ẹ kú ìmúra. Ẹ ti yára jù, àdúrà di ìrọ̀lẹ́.” Ó kí i tán, ó wọlé lọ. Ṣé kí n bá a wí ni? Gbogbo wa la máa ń bọ́ bàtà. Láàárín tiwa, aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán kò jọ àìsàn lójú ẹnikẹ́ni, ìwà mímọ́ ló jọ.

Òyìnbó tó ń wa lọ́rì ló mọ̀. Kọ́lá ti dúró sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń dá ọkọ̀ dúró. Ó ní kí àwọn áńgẹ́lì ríbi kọjá ni. Ọkùnrin yẹn gbé lọ́rì rẹ̀ dábùú ọ̀nà kí ọkọ̀ kankan má baà gbá a. Ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì pe ọlọ́pàá. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń gbàdúrà fún un ju fún ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ lọ.

Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn kankan nítòsí. Wọ́n gbé ọmọ mi lọ sí ìlú kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, mò ń wọ rélùwéè, mò ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún ń wọ òmíràn. Ẹ bá mi dá a rò. Owó tí wọ́n fi máa sanwó nọ́ọ̀sì kan tí á wọ bọ́ọ̀sì wá sílé wa kò sí. Owó tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n fi ń sanwó bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, ìyẹn wà. Ta ló ń ṣírò fún wọn? Èmi tí mi ò kàwé dé ibì kankan, mi ò lè fi ọgbọ́n yẹn ta ẹ̀pà.

Ó padà sílé ní rírù. Mo pariwo lórí fóònù títí wọ́n fi ní wọ́n á tún wá wò ó. Ta ni wọ́n rán? Ọmọdébìnrin ọjọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò nulẹ̀, mi ò sì se nǹkan kan. Omi lásán ni mo gbé fún un, ó sì dùn mí. Ó ní kí n sọ bó ṣe máa ń rí tí ara Kọ́lá kò bá yá. Mo gbé ife rẹ̀, mo ní kí n lọ bu omi sí i.

Kọ́lá ló fọhùn láti orí àga. “Mummy, sọ fún un jọ̀ọ́. Tí o bá tún ní mo wà fine, ta ló máa wá?”

Mo ní kó panu mọ́, pé kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi ni wọ́n wá wò now.”

Ni mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti ohùn, mo sọ ti oúnjẹ tó ń rò pé wọ́n fi májèlé sí. “Sọ ti omi náà,” ni Kọ́lá wí, mo sì sọ pé ó lè má wẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi máa rùn. Mo wò ó, mo rò pé ojú á tì í. Kò tì í. Ńṣe ló ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ro ẹjọ́ rẹ̀, tó sì rí i pé wọ́n rò ó pé. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ èyí tó le jù, pé mo ti darúgbó, mi ò lè sá tẹ̀ lé e mọ́, mi ò lè dá a ṣe. Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún bàbá wọn rí kó tó kú.

Afua ti padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní títí di ìparí oṣù kẹta ni, pé wọ́n á tún wo owó nígbà náà, wọ́n á tún wá bi wá. Ṣé lọ́dọọdún ni màá máa tú u síta kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni? Lọ́jọ́ tí mo bá sì wá bá yín ńkọ́, ta ni wọ́n máa bi?

Mo ti rò ó, kò sí ẹlòmíràn àfi Kọ́lá fúnra rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá jẹun tán báyìí, mo máa ń jókòó dojú kọ Kọ́lá, màá di ọmọ káńsù, màá máa bi í ní gbogbo ìbéèrè wọn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Tó bá ní òun wà dáadáa, màá ní mi ò gbà, tún un sọ. Àná ó ní mo burú ju káńsù lọ. Ó ti ń sọ ọ́ dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú. Tí ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ máa bínú, Ìyá mi, èmi ni mo wà níbí.

Èmi ọmọ yín ni, tó fẹ́ràn yín, tí orí rẹ̀ ṣì le gan-an bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.