Ọbẹ̀ Tí Màmá Sè Láàárọ̀ Yìí

Bàbá Fọláhànmí,

Mo ti lọ sí Sábó. Ọ̀rọ̀ màmá yín ò yé mi mọ́ o. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wòlíì ní ká jókòó parí ìjà wa, wọ́n ní mò ń purọ́ pé ọgbẹ́ inú ni kò jẹ́ kí n máa jẹ ata, wọ́n bá bínú jáde. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n tún dé láti Ìrẹsà. Wọn ò jẹ́ mi nígbà tí mo kí wọn, wọ́n kàn mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ ilé. Ìyá ọkọ! Mo kúnlẹ̀ kí n gbà á, wọ́n ní kí n kúrò lọ́nà. Ṣé èébú nìyẹn ni, àbí ẹ̀bẹ̀?

Wọ́n se ọbẹ̀ tán, wọ́n lọ. Mo tọ́ ọ wò: kò sí ata níbẹ̀ rárá.

Tí ẹ bá fẹ́ ata, ẹ lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ. Ẹ má bu ata sí ọbẹ̀ mi.

Àṣàkẹ́