Orí Mímì Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Èmi, Monínúọlá Àbẹ̀kẹ́ Ajíbádé, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń gbé ní ọ̀nà Ìgèdè ní Adó-Èkìtì, tí mo sì ni ilé ìlọta kan ní Ọjà Ọba, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí.

Ọpọlọ mi pé. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àkọ́bí mi, Oyèmọ́lá, ti sọ fún ẹbí pé mo ti ń ṣarán. Pálọ̀ mi ni ó ti sọ ọ́, ní ìṣojú mi, ó rò pé n kò gbọ́. Lóòótọ́ n kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i ní ẹnu rẹ̀. Bí ẹnìkan bá tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi tí mo bu omi fún un, kì í ṣe orí mi ni ó dàrú. Etí mi ni ó di. Nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá ní mo ti gbà ṣáájú òní nípa orí mímì, mo fagi lé e. Ẹni tí ó bá ní Màmá ti fi nǹkan kan fún òun, kí ẹ bi í bóyá ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Agbẹjọ́rò Akínyẹlé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, àti Oyèmọ́lá ni mo yàn láti mú ìfẹ́ mi ṣẹ. Mo yan Oyèmọ́lá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí i.

1. Ilé mi ní ọ̀nà Ìgèdè: kí Oyèmọ́lá gba apá ọ̀tún, kí Adéolúwa àbúrò rẹ̀ gba apá òsì. Kí wọ́n má tà á.

Ìgbà tí a kan páànù ilé náà, mo máa ń jí bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní báyìí, ìgbà tí mo bá tẹ ilẹ̀ tútù láàárọ̀ ni mo ń mọ̀ pé òjò rọ̀. Etí kì í di lọ́jọ́ kan. Ohùn ẹyẹ ni ó kọ́kọ́ lọ, n kò sì mọ̀ pé ó lọ. Ohùn ọmọdé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin. Ohùn ọkùnrin ni ó pẹ́ jù, àwọn obìnrin ìjọ wa sì ń sọ láàárín ara wọn pé ọkùnrin nìkan ni mo máa ń dá lóhùn. Bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi ni mo ń wò kí n tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí n jókòó.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi àti àkùkọ mi: mo fún Dásọ́lá, ọmọ Adó, tí ó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọta mi.

Dásọ́lá kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, láàárọ̀, yóò gba ẹ̀yìn mi kọjá, yóò ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Ẹ̀rọ á máa ké, èmi á máa da ata. N kò dáhùn. Ní ọjọ́ tí ó ti ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀ dé, ó tún kí mi, n kò tún dáhùn. Ọmọdé tí ó kí àgbà tí àgbà kò sì jẹ́ ẹ, kí ni ó kù kí a ṣe fún un? Ọdún púpọ̀ kọjá kí àwọn ará ọjà tó là mí lóye, ó sì ti pẹ́ jù nígbà náà. Kí àkùkọ náà máa jí i. Mo máa ń rí i tí ó ń ya ẹnu ní ìdájí, mo sì gbà pé igbe wà níbẹ̀.

3. Rédíò ọkọ mi, Adéjọbí: mo fún Oyèmọ́lá, nítorí pé òun pẹ̀lú baba rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń gbọ́ ìròyìn.

Adéjọbí ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní mò ń yí rédíò sókè títí ará òdìkejì títì fi ń gbọ́ ìròyìn nílé wa. Mo ní yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, a sì jà. Ọkùnrin náà fẹ́ràn mi, mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ kú ní ọsibítù, ó bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Wọ́n ti fi ohun tó fi ń mí bò ó lẹ́nu, n kò lè rí ètè rẹ̀ kà. Mo mi orí bí ẹni tó gbà. Ó di ọwọ́ mi mú, ara rẹ̀ rọ̀, ó sì kú. N kò mọ ohun tí mo gbà fún un. Mo ti bi Ọlọ́run, n kò sì gbọ́ tirẹ̀ náà.

4. Ẹ̀rọ kékeré tí mo ń fi sí etí: mo fún Adéolúwa. Dókítà ní etí mi nìkan ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, kò ní bá a mu. Kí ó gbé e síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí i, kí ẹ̀rù bà á.

5. Ẹ̀rọ méjèèjì tó wà ní ilé ìlọta, ti ata àti ti èlùbọ́: n kò fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní ariwo wọn ni ó mú kí etí mi di. Kí ẹ tú wọn palẹ̀, kí ẹ tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ṣọ́ọ̀bù náà di ti Adéolúwa, bí kò bá gbé ẹ̀rọ kankan wọ inú rẹ̀ mọ́.

Adéolúwa, ìwọ ni mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Lẹ́yìn ìsìnkú baba rẹ, o wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, o sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo rò pé o ń kí mi kú ará fẹ́ra kù ni. Mo mi orí. Ní ọjọ́ Ajé mo rí ọ nínú aṣọ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, o ti fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, o ní mo ti fọwọ́ sí i. Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ ohun tí mo fọwọ́ sí.

Ní báyìí o ń bá Dùnmínínú aya rẹ jà pé ó ń kùn sínú. Kò kùn sínú. Tẹlifíṣọ̀n rẹ ń pariwo débi pé mo ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n lára ògiri. Etí ọ̀tún ni o máa ń kọ sí ènìyàn. Ìfẹ́olúwa ọmọ rẹ kì í pè ọ́ láti ẹ̀yìn mọ́. Ó máa ń yípo wá síwájú, á fi ọwọ́ kàn ọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe sí èmi náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọmọ náà. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo wọlé lọ sunkún.

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtùnú ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ lójú ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, èyí tí mo rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Dókítà ní èyí tó ti lọ kì í padà. Èyí tó kù fún ọ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọmọ mi.

Mo ka ìwé yìí sókè ní pálọ̀ mi fún àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì. N kò gba orí mímì lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí mi, ó sì fi ẹnu sọ ohun tí ó gbọ́. Adéolúwa ti ọjà dé bí mo ti ń ka ìpín karùn-ún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi kà á tán. Mo bi í bóyá ó gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì mi orí.

Mo fi ọwọ́ sí i ní Adó-Èkìtì, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Monínúọlá Àbẹ̀kẹ́ Ajíbádé

Ní ìṣojú wa:
Níìfẹ́mi Ògúnlẹ́yẹ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀nà Ìgèdè
Tiwalọpẹ́ Adéoyè, aránṣọ, Adébáyọ̀