Ọjà Ìdí-Ọ̀dán àti Èdè Méjì

Jímọ̀, 1/2/2019
Ìwé tuntun. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ti kún fún ìwọ̀n aṣọ oníbàárà. Ó ti rẹ̀ mí. Láti àárọ̀ ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Tata Adjara, ọ̀gá mi ní Tchaourou, ẹ̀yìn ń dùn mí bíi ti ìyá àgbà.

Ṣùgbọ́n èmi àti Ìyá ti ṣàdéhùn. Oṣù kan ló fún mi. Ètò kọ̀ǹpútà tí mò ń kọ lórí fóònù yóò máa sọ ọjọ́ ọjà Ìdí-Ọ̀dán, lọ́nà Goro, níbi tí Ìyá ti ń ta abọ́ àti ike. Python ni èdè tí mo fi kọ ọ́ — Erè ni mo ń pè é. Ohun tí ètò bá sọ, Ìyá yóò tẹ̀lé e. Bó bá ń tọ̀nà nígbà tí oṣù bá parí, màá lọ ṣe formation, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà oṣù mẹ́ta, ní Parakou. Bí kò bá tọ̀nà, abẹ́rẹ́ àti òwú ni.

Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà náà. Mo kọ 5. Ọ̀la ni ọjà, láti ibẹ̀ ni ètò yóò ti máa kà.

Àlàmísì, 7/2
Ìyá di ẹrù sẹ́yìn zém, ọ̀kadà wa, láàárọ̀. Ó padà dé kí oòrùn tó mú. Ọjà ṣófo, ewúrẹ́ nìkan ló bá níbẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Jímọ̀, 8/2
Mo ka gbogbo ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò rí àṣìṣe.

Àtàláátà, 12/2
Ó tún ṣófo. Ìyá sọ ẹrù kalẹ̀, ó mu omi, ó ní ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ mi ò fẹ́ràn ike. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé.

Mo kọ̀wé sí Saïd — Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán — tí a jọ ka ìwé, tó ti wà ní Parakou báyìí. Ó ní kọ̀ǹpútà ńlá ni Python wà fún. Kí n bọ́ sí JavaScript, òun ni fóònù gbọ́. Oṣù márùn-ún tí mo fi kọ́ Erè wá ńkọ́? «Laisse ça,» ló ní, kí n fi sílẹ̀.

Àlàrúbá, 13/2
Kí n yí padà? Kí n má yí padà? Èdè mìíràn — kí n tún máa kọ́ ọ bí ọmọ kékeré. Agbára dà? Ṣùgbọ́n bí Erè ò bá lè ka ọjọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Àlàmísì, 14/2
Mo yí padà. Mo pa gbogbo iṣẹ́ Erè rẹ́ kí àyè lè wà lórí fóònù. Mo sọ fún Ìyá pé kó má lọ ní 17 tí Erè dá, kó dúró de tuntun.

Àtìní, 18/2
Àkámọ́ ṣíṣí, àkámọ́ pípadé. Mo gbàgbé ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Tata Adjara ní mo rán apá ọ̀tún sí òsì. Òótọ́ ni.

Jímọ̀, 22/2
Jáfá — orúkọ tí mo fún JavaScript — ní òní ni ọjà. Ọjà kún! Ìyá ta gbogbo abọ́ aláwọ̀ ewé tán. Saïd ló jàre. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Àlàrúbá, 27/2
Ó ṣófo. Jáfá náà.

Mo jókòó ti Ìyá níbi tó ti ń tú okùn ẹrù. Mo ní kó ka ọjọ́ ọjà fún mi. Ó na ọwọ́. Ọjà lónìí: àtàǹpàkò. Ọ̀la: ìka kejì. Ó ń kà á lọ, ó kan ìka kékeré: ọjà mìíràn. Ọrọọrún — òní wà nínú rẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń kà nìyẹn, èmi náà. Ṣùgbọ́n ètò kì í ka òní. Mẹ́rin ló yẹ kí n kọ. Mo ru 5 mi láti inú èdè kan lọ sínú èkejì. Ti 22 kàn ṣe kòńgẹ́ ni: ogún ọjọ́ lẹ́yìn ọjà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni mẹ́rin-mẹ́rin àti márùn-ún-márùn-ún ti pàdé.

Erè ò ṣẹ̀ mí. Mo sì ti pa á rẹ́.

Àlàmísì, 28/2
Oṣù parí. Mo sọ fún Ìyá láàárọ̀ pé mo pàdánù, kò sí Parakou. Mo ní màá tún Erè kọ láti ìlà kìíní, mi ò ní yí èdè padà mọ́, kódà bó bá jẹ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti ń kọ́ ọ. Ó ní ó dáa.

Mo wá bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé ó mọ̀ pé kò sí ọjà ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn?

Ó mọ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń ná Ìdí-Ọ̀dán. Ó ní Zénabou, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń bá òun gbé díẹ̀ nínú ẹrù lọ tà ní ọjọ́ ọjà gan-an. «Mais mo ti ní n ó tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé e.»

Kí ló dé tí kò sọ fún mi?

«O ò bi mí, Sikirath. Saïd lo bi.»

Ojú tì mí débi pé mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo bi í ìgbà tí ọjà ń bọ̀. Ó ní ọ̀túnla ni.